Fọ́tò òde ìnáwó mi ń rí bàìbàì: ṣé kámẹ́rà ni kí n pààrọ̀ ni?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Nikon D7100 ni mò ń lò, pẹ̀lú lẹ́ńsì 50mm f/1.8 àti 18-140mm. Inú hóòlù ni iṣẹ́ mi pọ̀ sí: ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí, òkú àgbà. Mo máa ń fi aperture (ihò inú lẹ́ńsì) sí f/1.8 kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé dáadáa, shutter speed (bí ṣọ́tà ṣe ń yára pa dé tó) 1/60, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ lágbára sí i tó) 400, torí wọ́n ní ISO gíga ló ń ba fọ́tò jẹ́. Lójú kámẹ́rà, gbogbo ẹ̀ á dára. Tí mo bá wá gbé e sórí kọ̀ǹpútà, gèlè á hàn ketekete, ojú á rí bàìbàì. Ti ijó tiẹ̀ burú jù. Mo fa Sharpening inú Lightroom, ètò tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà, dé 100, ara èèyàn wá rí wóró-wóró bí iyanrìn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ta kámẹ́rà yìí, kí n ra full frame, èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ (ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) tóbi ju tèmi lọ. Ṣé òótọ́ ni?

* * *

Ẹ má tíì ta nǹkan kan. Mo ti ka ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí, màá sì máa fa ọ̀rọ̀ wọn yọ bí mo ṣe ń dáhùn. 1/60, f/1.8, ISO 400: ẹ gbé nọ́ńbà mẹ́ta yìí sínú kámẹ́rà tó wọ́n jù lọ, fọ́tò ijó á ṣì rí bàìbàì. Irú bàìbàì tó jẹ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀, torí ohun tó ń fà á pọ̀, àtúnṣe wọn ò sì jọra.

Ẹ ṣí fọ́tò kan lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fẹ̀ ẹ́ dé 100%. Ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà kéré, ó ti sún gbogbo nǹkan jọ, kò sí fọ́tò tí kò ní dára níbẹ̀. Bí ohun gbogbo bá fà sí ọ̀nà kan náà, tábìlì, òdòdó, ojú èèyàn, tí gílóòbù kéékèèké inú hóòlù di ìlà dípò kí wọ́n rí roboto, ọwọ́ yín ló gbọ̀n. Bí àga àti ògiri bá dúró ṣinṣin tó jẹ́ pé apá oníjó nìkan ló fà, ẹni náà ló rìn kí ṣọ́tà tó pa dé. Bí etí tàbí gèlè bá mọ́ kedere tí ẹyinjú kò mọ́, fókọ́ọ̀sì ló bọ́ síbi tí kò yẹ. Bí kò bá wá síbi kankan tó mọ́, tí kò sì sí ohun tó fà, ẹ wo ojú lẹ́ńsì bóyá ó dọ̀tí, ẹ wo aperture bóyá ẹ ti pa á dé f/16 tàbí f/22 (bí nọ́ńbà f bá ṣe tóbi tó ni ihò náà ṣe kéré tó), ẹ sì wò ó bóyá Noise Reduction, ohun tó ń dín wóró-wóró kù, ló ti fọ gbogbo nǹkan lọ.

Nínú ohun tí ẹ kọ, ti ijó jẹ́ ẹni tó rìn, ti gèlè jẹ́ fókọ́ọ̀sì. Ó sì ṣeé ṣe kí ọwọ́ tó ń gbọ̀n wà nínú méjèèjì, torí 1/60 lọ́ra jù fún 50mm lórí kámẹ́rà yín. Kò sí èyí tí full frame máa wò sàn níbẹ̀.

* * *

"ISO ò gbọdọ̀ kọjá 800." Ó kéré tán, ẹni mẹ́ta ló ti kọ ọ́ sókè níbí, mi ò sì fara mọ́ ọn rárá. Nọ́ìsì, wóró-wóró tó ń hàn lójú fọ́tò, ṣeé dín kù lórí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ oníjó tó fà láti ìgbáròkó dé èjìká kò ṣeé dá padà. Ẹni tó bá fi ISO pamọ́ tó wá jẹ́ kí shutter lọ́ra ti fi ohun tó ṣeé tún ṣe pààrọ̀ ohun tí kò ṣeé tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òfin tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé kí shutter má lọ́ra ju ìdá kan lórí gígùn lẹ́ńsì: 50mm, 1/50. Àmọ́ sẹ́ńsọ̀ D7100 kéré ju ti fíìmù 35mm lọ, ẹ óò sọ ọ́ di ìlọ́po 1.5, ìyẹn 1/75, tí kámẹ́rà ń kọ ní 1/80. Megapixel 24 náà tún ń fi ìgbọ̀n kékeré hàn, nítorí náà 1/125 ni mo kà sí ìpìlẹ̀. Ìyẹn fún ọwọ́ tiyín nìkan. Ti ẹni tí ẹ ń yà tún wà lọ́tọ̀. Ẹni tó jókòó tó ń gbọ́ ìwàásù, 1/125 tó o. Ìyàwó tó ń rìn wọlé, 1/250. Ijó, 1/320 sí 1/500. Kọ̀ǹgọ́ onílù gángan, ẹ lọ sí 1/1000 tí ẹ bá fẹ́ kó dúró sójú kan. Àwọn kan fẹ́ràn kí kọ̀ǹgọ́ fà díẹ̀ kí ojú onílù mọ́, mo gbà pẹ̀lú wọn pé ìyẹn náà lẹ́wà, 1/200 máa ń fún yín nírú ẹ̀.

Oníṣẹ́ fọ́tò ń pe ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ ní stop kan. Láti 1/60 dé 1/250, stop méjì lẹ pàdánù. Láti f/1.8 dé f/2.8, kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ stop mẹ́ta lé díẹ̀. ISO 400 á di 800, á di 1600, á di 3200, á wá dé 4000. D7100 ń gbé ISO dé 6400 kó tó bọ́ sí ibi tí wọ́n ń kọ ní Hi, nítorí náà 4000 ò jù ú lọ. Nínú hóòlù kan náà, lábẹ́ iná kan náà, ẹ ti kúrò ní fọ́tò tó fà bọ́ sí èyí tó dúró.

Ọ̀nà tó rọrùn jù nìyí: ẹ lọ sí Shooting menu, ISO sensitivity settings, ẹ tan Auto ISO, ẹ fi Maximum sensitivity sí 6400. Ẹ wá yí kámẹ́rà sí M, ẹ fúnra yín mú 1/250 àti f/2.8, kí ISO máa lọ sókè sódò bí iná ṣe ń yí. Tí ẹ bá fẹ́ràn A, níbi tí ẹ ti ń yan aperture tí kámẹ́rà sì ń yan shutter, Minimum shutter speed tó wà níbẹ̀ náà ni kí ẹ fi sí 1/250.

Ẹnì kan béèrè pé ṣé kò sàn kí òun yà á ní ISO 800 kó ṣókùnkùn, kí òun wá gbé Exposure (ìmọ́lẹ̀ fọ́tò) sókè lórí kọ̀ǹpútà nílé. Rárá. Fọ́tò ISO 800 tí ẹ gbé sókè ní +2 kò lè ní nọ́ìsì tó kéré ju ti ISO 3200 tí ẹ yà dáadáa. Nígbà mìíràn, ti ISO 800 tí ẹ gbé sókè yẹn ló máa ń pọ̀ jù, pàápàá lára àwọ̀ dúdú wa. Ẹ tún ṣọ́ra fún aṣọ funfun. Kámẹ́rà tó rí gáùn ìyàwó tàbí agbádá funfun tó gba ìdajì fọ́tò á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú á sì ṣú. Ẹ fi exposure compensation sí +0.7 níbẹ̀, tàbí kí ẹ fi spot metering ka ojú èèyàn gan-an. Ojú tí ẹ bá yà tó ní ìmọ́lẹ̀ tó kò nílò Noise Reduction púpọ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ara rẹ̀ á sì dúró.

* * *

"Torí f/1.8 la ṣe ra lẹ́ńsì náà." Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo bí ibi tó máa mọ́ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Lórí sẹ́ńsọ̀ D7100, 50mm ní f/1.8, tí ẹni náà bá wà ní mítà kan àbọ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn ibi tó mọ́ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà àbọ̀ lọ. Láti ẹyinjú dé etí ti ju ìyẹn lọ. Iwájú gèlè tó yọ síta lókè iwájú orí náà kì í sí ní ipò kan náà pẹ̀lú ojú, nítorí náà bí fókọ́ọ̀sì bá ti mú gèlè, ojú ti lọ nìyẹn.

Ẹ sún sẹ́yìn dé mítà méjì, ẹ pa aperture dé f/2.8, ẹ óò rí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjìdínlógún. Ojú, etí, gèlè, gbogbo wọn wọ inú rẹ̀, ẹ̀yìn á ṣì rọ̀ dáadáa. Ọkọ àti ìyàwó, f/4. Fọ́tò ẹbí tó ní ìlà méjì, ẹ dúró ní mítà mẹ́rin pẹ̀lú f/5.6, ẹ óò rí ju mítà kan lọ. Ẹ gbé fókọ́ọ̀sì lé ojú ẹni tó wà láàárín ìlà iwájú. Ìlà mẹ́ta, ẹ mú ojú kan nínú ìlà kejì, ẹ lọ sí f/8, kí fíláàṣì bá yín wá ìmọ́lẹ̀. Ẹ má kọjá f/11 lórí sẹ́ńsọ̀ yìí, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ihò tóóró kọjá máa ń fọ́n ká, gbogbo fọ́tò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àárín f/4 sí f/8 ni ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì ti ń mọ́ jù lọ.

Ibi tí gèlè ti ń jí fókọ́ọ̀sì gan-an nìyí: Auto-area AF. Kámẹ́rà tí ẹ bá jẹ́ kó fúnra rẹ̀ yan ibi tó wù ú á mú ohun tó sún mọ́ ọn jù, tó sì ní ìlà tó dá yàtọ̀: eteetí gèlè, ìlẹ̀kẹ̀, gbohùngbohùn, owó tí wọ́n ń ná fún ìyàwó. Ẹ yí i sí Single-point. Ẹ gbé àmì yẹn lé ojú tó sún mọ́ yín jù nínú méjèèjì, ní ibi tí dúdú ẹyinjú ti pàdé funfun. Tí iná bá kéré, àwọn àmì àárín ni ẹ lò. D7100 ní àmì mọ́kànléláàádọ́ta, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà láàárín nínú wọn ni cross-type, tó ń ka ìlà ìdúró àti ti ìbú pọ̀. Wọn kì í tètè ṣìnà nínú òkùnkùn bíi tàwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ pé kó fi àmì àárín mú ojú, kó wá yí kámẹ́rà kó tó tẹ̀ ẹ́. Ní f/5.6 kò sí wàhálà. Ní f/1.8 láti mítà kan àbọ̀, yíyí yẹn nìkan ti tó láti gbé fókọ́ọ̀sì kúrò lójú lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbé àmì náà lọ sórí ojú, ẹ má yí kámẹ́rà. Fún ẹni tó dúró, AF-S, tó ń mú fókọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan. Fún ẹni tó ń jó tàbí tó ń rìn bọ̀, AF-C, tó ń tẹ̀ lé ẹni náà, kí ẹ sì ya mẹ́ta tàbí mẹ́rin léra wọn.

* * *

Ẹnì kan tún sọ pé gbogbo èyí lòun ti ṣe, síbẹ̀ etí ló ń mọ́ nígbà gbogbo, kì í ṣe ojú. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń lọ ní gbogbo ìgbà, tàbí iwájú ní gbogbo ìgbà, kámẹ́rà àti lẹ́ńsì ni kò bára mu. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí DSLR, irú kámẹ́rà tó ní dígí nínú bíi D7100, torí ibi tó ń wọn fókọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí ibi tí fọ́tò ti ń jáde. Mirrorless, èyí tí kò ní dígí yẹn, ń wọ̀n ọ́n lórí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sábà ní ìṣòro yìí.

Ẹ dán an wò báyìí. Kámẹ́rà lórí tripod (ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta), rúlà tàbí ìwé ìròyìn tí ẹ gbé dágẹ̀ẹ́rẹ́ níwájú rẹ̀, pátákó kékeré kan tó dúró gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí fókọ́ọ̀sì lè rí ohun tó máa mú. Ìlọ́po àádọ́ta gígùn lẹ́ńsì ni kí ẹ fi sáàárín: fún 50mm, mítà méjì àbọ̀. Ẹ ṣí aperture tán, ẹ fi ojú ihò tí ẹ ń yọjú wò lẹ́yìn kámẹ́rà (viewfinder) ya márùn-ún, kí ẹ máa da fókọ́ọ̀sì rú kí ẹ tó mú un padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún ya márùn-ún pẹ̀lú Live View, níbi tí ẹ ti ń wò ó lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà. Tí ti Live View bá mọ́ tí èyí tó kù sì bọ́ sẹ́yìn, ẹ wọ Setup menu, AF fine-tune, ẹ fa nọ́ńbà náà sí apá òdì, márùn-ún márùn-ún, títí tí méjèèjì á fi bára mu. Tó bá jẹ́ iwájú ló ń bọ́ sí, ẹ fà á sí apá kejì. Láti -20 dé +20 ló wà. Àwọn kámẹ́rà Nikon tó wà ní ìlà D3000 àti D5000 kò ní èyí nínú. Ẹni tó bá ní irú wọn, Live View ni kó fi ya ohun tó dúró, tàbí kó gbé lẹ́ńsì àti kámẹ́rà lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe.

* * *

Ẹ nu lẹ́ńsì. Ìka ọwọ́ kan lójú lẹ́ńsì ti tó kí gbogbo iná hóòlù máa tàn yẹ́ẹ́ káàkiri, kí dúdú má dúdú mọ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi rọ́bà tó ń fẹ́ atẹ́gùn fẹ́ eruku kúrò kí aṣọ tó kàn án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eruku náà lẹ ń fi ha dígí. Fílítà UV olówó pọ́ọ́kú, ẹ yọ ọ́ ní òru, ó máa ń sọ iná kan di méjì nínú fọ́tò.

Ní ìlú etí òkun bí Èkó àti Cotonou, kámẹ́rà tó sùn lábẹ́ éésì hòtẹ́ẹ̀lì mọ́jú, tí ẹ gbé jáde sínú ooru, ìrì á bò ó lójú ẹsẹ̀. Ẹ má máa nù ún ní anùtúnnù. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi í sínú báàgì tí ẹ pa dé, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ nínú ooru fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó lè móoru díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú lẹ́ńsì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan; tí ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn, olú ló ti ń hù síbẹ̀. Àpótí ike tó dé pinpin pẹ̀lú silica gel tó ń fa ọ̀rinrin mu kò wọ́n, òun ló ń dènà rẹ̀.

* * *

Lórí fíláàṣì, ìhà méjì ni àwọn èèyàn pín sí: àwọn tó ní ó ń ba ojú hóòlù jẹ́, àti àwọn tí kì í yọ ọ́ lórí kámẹ́rà. Èmi wà pẹ̀lú àwọn tó ń lò ó, àmọ́ kí ẹ má doju rẹ̀ kọ èèyàn tààrà. Ẹ yí orí rẹ̀ sí àjà tàbí ògiri funfun tó wà lẹ́yìn yín. Tí àjà bá jẹ́ dúdú, tí wọ́n bá fi aṣọ aláwọ̀ bò ó, tàbí tó ga bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, ìmọ́lẹ̀ kò ní padà wá, tàbí kó padà wá pẹ̀lú àwọ̀ aṣọ yẹn. Ẹ wá ògiri, tàbí ẹ gbé fíláàṣì kúrò lórí kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ fún fọ́tò tó mọ́ ni pé ìtànná fíláàṣì kúrú púpọ̀ ju shutter lọ, bí agbára tí ẹ fi sí i bá sì ṣe kéré tó ló ṣe ń kúrú tó. Òun ló ń dá oníjó dúró. Ṣùgbọ́n tí iná hóòlù náà bá pọ̀ nínú fọ́tò, ẹ óò rí èèyàn kan tó mọ́ àti òjìji rẹ̀ tó fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀, iná hóòlù gbọ́dọ̀ kéré ju ti fíláàṣì lọ ní nǹkan bíi stop méjì. Nínú hóòlù tí ẹ júwe, ISO 1600, f/4, 1/200 máa fún yín ní ìwọ̀n yẹn gan-an. ISO 800 á mú kí ẹ̀yìn ṣókùnkùn sí i. TTL, níbi tí kámẹ́rà ti ń wọn agbára fíláàṣì fúnra rẹ̀, ní +0.7 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá tún un ṣe. Ẹ má kọjá 1/250, ibẹ̀ ni ṣọ́tà D7100 àti fíláàṣì ti ń bára mu láìsí High-speed Sync (ohun tó ń jẹ́ kí fíláàṣì bá ṣọ́tà tó yára ju ìyẹn lọ mu), àti pé High-speed Sync máa ń jẹ agbára fíláàṣì gan-an.

Ìbéèrè kan yọjú lórí ìlà dúdú tó ń gba àárín fọ́tò kọjá. Iná mànàmáná wa ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù LED tí kò dára sì ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Shutter tó yára jù á bá a níbi tó ti ṣú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 1/100, tàbí kí fíláàṣì borí iná náà. Kì í ṣe ẹ̀bi lẹ́ńsì.

* * *

Fún ẹni tó ní fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́ òun: ẹ fi òwú tó mọ́ nu lẹ́ńsì rẹ̀. Ẹ pa beauty mode, òun ló ń fọ ojú èèyàn di bọ́ta. Ẹ má fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ẹ rìn sún mọ́ ọn, tàbí kí ẹ yan lẹ́ńsì 2x tàbí 3x tí fóònù bá ní i ní tòótọ́. Ẹ tẹ ojú ẹni náà mọ́lẹ̀ títí AE/AF Lock á fi hàn. Night mode ń ko fọ́tò púpọ̀ jọ sójú kan, ó dára fún ilé àti òdòdó, kò dára fún ijó. Bó bá ní Pro mode, 1/125, kí ISO má fi bẹ́ẹ̀ kọjá 800, torí sẹ́ńsọ̀ fóònù kéré gan-an. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá ti tó fún nọ́ńbà yìí, ẹ gbé èèyàn lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

* * *

Ó kan ti ara tó rí bí iyanrìn.

Sharpening kì í dá ohun tó sọnù padà. Ó ń wá eteetí, ibi tí dúdú ti pàdé funfun, á mú dúdú ibẹ̀ dúdú sí i, á mú funfun rẹ̀ funfun sí i, ojú wa á sì gbà pé ó mọ́. Láti ayé fíìmù lọgbọ́n náà ti wá: nínú yàrá òkùnkùn, wọ́n á ṣe ẹ̀dà kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó rí bàìbàì, wọ́n á gbé e lé negative gangan, wọ́n á tẹ méjèèjì pọ̀. Unsharp Mask inú Photoshop, ọmọ ọgbọ́n yẹn ni. Nítorí náà, Amount 100 pẹ̀lú Masking (ohun tó ń yan ibi tí sharpening máa dé) ní 0 kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìpéǹpéjú àti nọ́ìsì. Gbogbo wóró tó wà lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ti kà sí eteetí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú raw, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, kì í ṣe JPEG. Ẹ tún ìmọ́lẹ̀ ṣe tán, lẹ́yìn náà nọ́ìsì, kí ẹ tó fọwọ́ kan Sharpening. Fún ISO 3200 sí 4000, Luminance 15 sí 30 nínú Noise Reduction tó. Tó bá ti kọjá 50, ojú á dán bí ike. Ẹni tó bá ní Lightroom Classic 12.3 sókè, èyí tó jáde ní oṣù kẹrin 2023, lè lo Denoise fún raw. 30 sí 50 ni kí ẹ dúró sí.

Lẹ́yìn náà, fún ojú èèyàn: Amount 50 sí 60, Radius 1.0, Detail 15 sí 20. Ẹ wá tẹ Alt mọ́lẹ̀, Option lórí Mac, bí ẹ ṣe ń fa Masking. Fọ́tò á di dúdú àti funfun: ibi tó funfun ni sharpening máa dé, ibi tó dúdú ni kò ní fọwọ́ kàn. Ẹ fà á títí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí á fi dúdú, tí ojú, ètè, ìlẹ̀kẹ̀ àti eteetí gèlè á ṣì funfun. Ó sábà máa ń bọ́ sí 70 sí 80. Tí ẹ bá ń ya ilé tàbí igbó, ẹ yí i padà: Radius 0.8, Detail 35 sí 50, Masking 10 sí 30. Radius 2 tàbí 3 ló ń fa ìlà funfun tó máa ń yí fìlà ká nínú fọ́tò tí wọ́n ti ṣe jù.

Fún ẹyinjú, brush kékeré, Sharpness +20 sí +30, kó mọ sórí dúdú ojú àti ìpéǹpéjú. Ẹ fi funfun ojú sílẹ̀, iṣan pupa á yọ. Fún aṣọ òkè, Texture +15 sí +25 lórí aṣọ nìkan. Texture àti Clarity kì í ṣe ohun kan náà: Clarity ń mú òjìji ṣú sí i, ó sì ń fi ìlà ogbó sí ojú màmá àgbà. Lára léèsì àti aṣọ tí ìhun rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ṣọ́ra fún àwọ̀ òṣùmàrè tó ń ṣàn bí omi. D7100 kò ní gíláàsì tó ń dí i lọ́wọ́ níwájú sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, nítorí náà ó máa ń yọ. Brush tó ní Moiré ń pa á.

Àwọn tó fẹ́ràn Photoshop, High Pass ni tiwọn: Ctrl+J, Filter, Other, High Pass, Radius 1.5 sí 2.5 fún megapixel 24, ẹ yí ipele náà sí Soft Light, ẹ fi mask dúdú bò ó, kí ẹ wá fi funfun kun ojú, ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ. Opacity 50%. Mo gbà pé ó dára. Mi ò kàn rí ohun tó fi ju Masking lọ fún ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún mẹ́rin fọ́tò láti fi ránṣẹ́.

* * *

"Áàpù AI tó ń mú ojú mọ́ ti gbà mí lórí fọ́tò bàbá àgbà fún ìwé ètò ìsìnkú." Ọ̀rọ̀ yìí gba ìfarabalẹ̀. Àwọn áàpù yẹn kì í ya ojú tó wà níbẹ̀ yọ. Wọ́n ń ya ojú mìíràn tó jọ ọ́. Àbàjà tàbí pélé lè rẹ̀ dànù torí áàpù náà kà á sí àpá. Èjí lè dí. Imú lè tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Ọmọ rẹ̀ lè má tètè rí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dàgbà á rí i. Tó bá jẹ́ pé fọ́tò àtijọ́ kan ṣoṣo ló wà, ẹ tún fi kámẹ́rà ya ìwé fọ́tò náà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, láìsí fíláàṣì, f/8, kámẹ́rà lórí tripod. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n tó gbé. Bí ẹ bá sì lo áàpù, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó, kí ẹ yẹ ilà, eyín àti etí wò, kí ẹbí sì mọ ohun tí ẹ ṣe.

* * *

Tí fọ́tò bá mọ́ lórí kọ̀ǹpútà tí oníbàárà ní kò mọ́, ẹ béèrè bí ẹ ṣe fi ránṣẹ́. WhatsApp máa ń sún fọ́tò lásán dé nǹkan bíi 1600 pixel ní apá tó gùn. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, tàbí kí ẹ yan HD tó wọlé ní 2023. Fún Instagram, ẹ fúnra yín sún un dé 1080 × 1350, kí ẹ yan Output Sharpening, Screen, Standard, torí sísún fọ́tò kéré máa ń mú un rọ̀ díẹ̀. Álíbọ́ọ̀mù 12 × 18 ìǹsì ní 300 ppi (pixel 300 nínú ìǹsì kan) ń fẹ́ 3600 × 5400. 4000 × 6000 ni D7100 ń yà, ó tó o láìfẹ̀ ẹ́ rárá. Tí ẹ bá ti gé ìdajì fọ́tò dànù, kò tó mọ́.

* * *

Olùbéèrè ti padà wá: "Mo ti gbọ́ o. Àmọ́ owó ti wà lọ́wọ́. Kí ni kí n rà?"

Fíláàṣì tó lè yí orí, pẹ̀lú bátìrì tó pọ̀. Tí owó bá ṣẹ́kù, lẹ́ńsì zoom f/2.8, torí 18-140mm yín máa ń bọ́ sí f/5.6 tí ẹ bá fà á jìnnà, ìyẹn sì jẹ́ stop méjì sí f/2.8. Full frame máa fún yín ní stop kan lé díẹ̀ lórí nọ́ìsì, ó sì dára, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ lẹ́ńsì tó bá a mu náà wọ́n, ibi tó máa mọ́ ní f/1.8 á sì tún tẹ́ẹ́rẹ́ sí i tí ẹ bá fẹ́ kí ojú tóbi bákan náà nínú fọ́tò. Ẹni tó ń pàdánù ojú ní f/1.8 lórí D7100 á pàdánù rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Ohun tí full frame tàbí mirrorless tuntun fi ju tiyín lọ fún iṣẹ́ yìí ni Eye AF, tó ń wá ẹyinjú fúnra rẹ̀, kì í ṣe bí sẹ́ńsọ̀ ṣe tóbi tó. Tó bá dọjọ́ tí ẹ fẹ́ pààrọ̀, nítorí ìyẹn ni kí ẹ ṣe pààrọ̀.

* * *

"Ṣé kí n pa VR ara 18-140mm ni?" VR ni ohun inú lẹ́ńsì tó ń dín ìgbọ̀n ọwọ́ kù. Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn tó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fi dì í mú. Ọwọ́ yín ló ń bá yín dá dúró, kò lè dá oníjó dúró, nítorí náà ẹ má tìtorí rẹ̀ padà sí 1/30. Lórí tripod, ẹ pa á, ẹ lo self-timer ìṣẹ́jú àáyá méjì. 50mm f/1.8 kò ní VR: ẹ fún ìgúnpá mọ́ ìhà, ẹ fi ọwọ́ òsì gbé lẹ́ńsì láti abẹ́, ẹ jẹ́ kí èémí jáde díẹ̀ kí ẹ tó rọra tẹ bọ́tìnì.